Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án

Kí n tó sọ nǹkan tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ àgádágodo kan fún yín, torí òun gan-an ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí.

Àbúrò ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Gbági, léèsì àti àǹkárá ló ń tà, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé òun ló máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ tó tún máa ń tì í nírọ̀lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àǹtí mi. Àárọ̀ Mọ́ńdè kan báyìí, wọ́n dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, léèsì ti lọ tán. Kí oòrùn tó ràn dáadáa èrò ti pé síbẹ̀, àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, àwọn tó fẹ́ fojú ara wọn rí i, àwọn tó ń bá a ka aṣọ tó kù. Ẹnì kan mú àgádágodo tó wà nílẹ̀, ó wò ó, ó nà án sí ẹlòmíì, onítọ̀hún náà yí i síwá yí i sẹ́yìn. Ìyá kan tó fẹ́ràn àǹtí mi gidi mú ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní, ó wá bu omi wọ́n ọn, ó ní kò dáa kí ẹni tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tún jókòó sínú ìdọ̀tí. Nígbà tí ọlọ́pàá máa dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè: ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀? Bí wọ́n ṣe mú ọmọkùnrin yẹn lọ nìyẹn.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò látìmọ́lé kó tó rí béèlì. Àgádágodo yẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀. Ó wà nínú páànù kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n kó o mọ́ irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, wọ́n tà á. Mo rí i kí wọ́n tó tà á o. Mo mú un dání. Irin tó tẹ̀ bí ìwọ̀ lórí ẹ̀ yẹn ti gé, ojú ibi tó ti gé ń dán, ó sì ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó tò tẹ̀lé ara wọn. Mi ò mọ nǹkan tí mò ń wò nígbà yẹn. Ayùn ni wọ́n fi gé e. Tó bá jẹ́ kọ́tà ńlá tí wọ́n fi ń gé irin ni, ojú ẹ̀ máa fún pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á wá yọ ṣóńṣó láàárín bí òrùlé. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ayùn ṣe?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní ó lè mọ̀ọ́mọ̀ gé e kó lè dà bí iṣẹ́ olè ìta. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè fi ayùn gé irin kí lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ má dà sílẹ̀, kó má sì kù sí ọwọ́ aṣọ ẹni tó gé e, kó má wọ abẹ́ èékánná ẹ̀. Ibi tí lẹ́búlẹ́bú yẹn dà sí nílẹ̀ á sọ ibi tí ẹni yẹn dúró sí, aṣọ ọmọ yẹn náà á sọ bóyá òun ni tàbí òun kọ́. Ìgbálẹ̀ ìyá yẹn ti gbá ti ilẹ̀ lọ. Ti aṣọ, wọn ò wò ó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n mú àwọn olè kan níbòmíì, wọ́n bá léèsì àǹtí mi lọ́wọ́ wọn. Àǹtí mi lọ bẹ ọmọ yẹn àti ìyá ẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbà, kò sí nǹkan, àmọ́ ọmọ yẹn ò padà sídìí iṣẹ́ aṣọ mọ́, kò sì wọ ilé wa mọ́ títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí, níbí nínú Ìbàdàn.

Àwọn ọmọ máa ń wá sí kíláàsì pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti wò nínú fíìmù, iná búlúù, ẹ̀rọ tó ń dún pìì-pìì, kọ̀ǹpútà tó ń dárúkọ ọ̀daràn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mi ò fún wọn ní nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ káwọ́ sẹ́yìn, ẹ wọlé, ẹ wò, ẹ jáde, ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi. Ó ń sú wọn. Kò burú, kó sú wọn.

Ilé kan wà lẹ́yìn ibi tí a ti ń kọ́ wọn, ilé tí wọn ò kọ́ parí, kò ní fèrèsé, ibẹ̀ la ti ń ṣe práktíkà. Màá tò ó sílẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti jà tí ẹnì kan fara pa: àga tó dojú dé, ife tó fọ́, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ní ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá ọmọkùnrin kan wọlé, ó rí sílípáàsì yẹn, ó sì fi ẹsẹ̀ rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ọmọ tó ní àròjinlẹ̀ ni. Mo ní kó gbé e padà sí bó ṣe wà. Ó gbé e padà. Ó wò ó. Ó yí orí ẹ̀ sí ìta, ó dúró díẹ̀, ó tún yí i sínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún un ṣe ní ìgbà mẹ́rin, gbogbo kíláàsì dákẹ́, ó wá gbójú sókè ó ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò rántí mọ́." Bẹ́ẹ̀, ibi tí orí sílípáàsì yẹn kọ sí ló máa sọ bóyá ẹni tó ni ín ń sá jáde ni àbí ó ń wọlé bọ̀. Mi ò bá a wí. Ó ti rí i fúnra ẹ̀, nǹkan téèyàn bá ti yẹ̀ nípò níbẹ̀, èèyàn ò lè dá a padà, bó ti wù kó fẹ́ ẹ tó.

Ohun tó wà nídìí gbogbo ẹ̀ ni ohun tí Edmond Locard ń sọ, ará Faransé kan tó dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá nílùú Lyon ní 1910. Òun ló ní ẹni tó bá wọ ibì kan á mú nǹkan wọ ibẹ̀, á sì mú nǹkan jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba inú oko kọjá rí lóye ọ̀rọ̀ yìí, èèmọ́ á dì mọ́ ọn láṣọ, kò ní mọ̀ títí á fi délé. Erùpẹ̀ pupa wa yìí náà ńkọ́, ó ń wà lábẹ́ bàtà ká tó débi tí kò ti yẹ kó dé. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ kì í tètè rò ni pé òfin Locard yìí mú àwa náà. Olùwádìí tó wọlé ti mú irun ẹ̀ wọlé, ó ti mú itọ́ ẹnu ẹ̀ wọlé bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ti mú èèmọ́ tiẹ̀ wọlé.

Ìtàn kan tí mo máa ń fi kọ́ wọn ni ti obìnrin kan tí àwọn ọlọ́pàá Jámánì wá títí. DNA, ìyẹn àmì inú ara tó ń fi ẹnì kan hàn yàtọ̀ sí ẹlòmíì, ti obìnrin kan náà ni wọ́n ń rí ní nǹkan bí ogójì ibi tí wọ́n ti hùwà ọ̀daràn, ní Jámánì, ní Austria, ní Faransé, láti orí ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní 1993 títí dé orí ọlọ́pàábìnrin kan tí wọ́n pa nílùú Heilbronn ní 2007, títí kan olè kéékèèké. Wọ́n wá a, wọ́n wá a. Ní 2009 ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ọ̀daràn kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. Òwú tí wọ́n ń fi gba ẹ̀rí ni DNA yẹn ti wà lára ẹ̀ látilẹ̀, ti obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe òwú náà ni. Wọ́n ti pa kòkòrò ara òwú yẹn lóòótọ́, àmọ́ pípa kòkòrò ò yọ DNA kúrò. Nígbà tí mo bá sọ ọ́ tán, gilọ́ọ̀fù tí mo ti ń pariwo kí wọ́n máa pààrọ̀ láti ohun kan sí òmíì, wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀ láì jẹ́ pé mo tún sọ ọ́.

Ìṣòro wa nílẹ̀ yìí ò tíì dé orí òwú ná. Èrò ni ìṣòro wa. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Mọ́kọ́lá tàbí Ìwó Road báyìí, kí èèyàn tó ka ogún, ọgọ́rùn-ún èèyàn ti pé lé e lórí, wọ́n ń yàwòrán, wọ́n ń tẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnì kan ti bu iyẹ̀pẹ̀ lé e, ẹnì kan ti já ewé bo ẹni tó wà nílẹ̀. Àánú ló wà nídìí ẹ̀, ìwà ọmọlúàbí ni kéèyàn má jẹ́ kí òkú wà níhòòhò lójú ọ̀nà, mi ò sì lè bá ẹnikẹ́ni wí lórí ẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n na aṣọ yí ibẹ̀ ká, kí aṣọ má kan òkú. Tẹ́ni yẹn bá ṣì ń mí, ẹ̀mí ẹ̀ ló ṣáájú o, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn, ẹ gbàgbé ẹ̀rí. Kìkì pé tẹ́ ẹ bá máa gé aṣọ lára ẹ̀, ẹ má gé e gba ojú ibi tí ọ̀bẹ tàbí ìbọn ti luhò, ẹ gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ okùn ló wà lọ́rùn, ẹ gé okùn, ẹ má tú kókó ẹ̀, torí kókó yẹn máa ń sọ̀rọ̀.

Ẹ ẹ̀ lè gbàgbé Ṣókà. Oṣù Kẹta 2014, nígbà tí wọ́n rí ilé kan nínú igbó níbí nínú Ìbàdàn, tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n jí gbé sí, àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, egungun, òkìtì aṣọ, bàtà àti báàgì. Gbogbo Ìbàdàn ló tú síbẹ̀. Mo lóye ẹ̀, ẹni tí ọmọ ẹ̀ ti sọnù fún ọdún mẹ́ta, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó sílé? Àmọ́ mo máa ń ronú nípa òkìtì bàtà yẹn. Bàtà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹni yẹn ló ní ilé tí wọ́n ti ń retí ẹ̀. Bàtà kan tí wọ́n bá yà ní fọ́tò níbi tí wọ́n ti bá a, tí wọ́n fún ní nọ́ńbà, tí wọ́n kó sínú àpò tiẹ̀, ìyá kan lè rí i lọ́dún márùn-ún lẹ́yìn náà kó ní, ti ọmọ mi nìyí. Tí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bá ti rìn gba orí ẹ̀ kọjá, ta ló máa dá ìyá yẹn lóhùn?

Àwọn baba wa kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn dúró. Màrìwò ni wọ́n máa ń ta sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa kọjá ẹ̀. Ààlẹ̀ lásán tí wọ́n bá fi sórí igi ìdáná, ó tó kó dá olè padà. Téèpù yẹ́lò tí ọlọ́pàá ń ta, ààlẹ̀ náà ni. Mo ní kí àwọn ọmọ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò, ó máa ń yé wọn ju gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tí wọn ò bá ní téèpù, okùn tó, igi tó, kí ẹnì kan kàn dúró síbẹ̀ kó máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé àti aago tó wọlé sílẹ̀, títí kan ọ̀gá pátápátá.

Tó bá wá di wíwá nǹkan, ẹ̀wà la fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá máa ṣa ẹ̀wà kì í da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó wá máa wá òkúta káàkiri ojú pẹrẹsẹ. Á fà á díẹ̀díẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara ẹ̀, á ṣa ìyẹn, á tì í sápá kejì, kò ní padà sórí ẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín ilẹ̀ sí ojú kéékèèké, ojú kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹlòmíì á tún gba apá kejì wá a. Àwọn obìnrin kíláàsì mi máa ń ṣe é ju àwọn ọkùnrin lọ, mo gbà pé àwọn ọdún tí wọ́n ti fi ṣa ẹ̀wà nílé kò lọ lásán.

Ẹ̀jẹ̀ màlúù la máa ń lò fún ti ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ àwọn alápatà la ti ń gbà á, a sì máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ ro ó bó ṣe ń dà jáde kó má bàa dì. A máa kán an sórí táìsì, a tún kán an sórí sìmẹ́ńtì tó rí hágahàga. Ti orí táìsì á rí róbótó, ti orí sìmẹ́ńtì á yọ ẹ̀gún yí ká. Tẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ sókè sí i, àmì ẹ̀ á tóbi sí i. Tí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bá ń sáré, ẹ̀kán á gùn, ìrù ẹ̀ á nà síbi tó ń sá lọ. Inú mi máa ń dùn nígbà tí ọmọ kan bá tọ ẹ̀kán mẹ́fà láti inú yàrá dé ẹ̀yìnkùlé láì bi mí ní nǹkan kan.

Aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń ra àkàrà gbígbóná wá sí kíláàsì, màá fi ìdajì sínú ọ̀rá, ìdajì sínú bébà, a ó so ọ̀rá yẹn, a ó wá máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ní wákàtí kan, inú ọ̀rá ti ń làágùn, àkàrà ibẹ̀ ti rọ̀. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tútù nínú ọ̀rá fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru wa yìí? Á hu, á jẹrà, DNA inú ẹ̀ á bà jẹ́. Ẹ sá a síbi tí oòrùn ò ti kàn án, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá kó o sínú àpò bébà, ohun kan sínú àpò kan. Ohun tí wọ́n fi pẹtiróò jó nìkan ló yàtọ̀, agolo tó dé pinpin ni tìyẹn, torí òórùn yẹn gan-an ni ẹ̀rí, tó bá ti fẹ́ lọ ó parí.

Ti ìwé tó ń tẹ̀lé ẹrù ẹ̀rí ló máa ń sú àwọn ọmọ jù, òun sì ni lọ́yà máa ń kọ́kọ́ dojú kọ ní kóòtù. Mo ní kí wọ́n rò ó bí wébíìlì. Tẹ́ ẹ bá fi ẹrù ránṣẹ́ láti páàkì Ìwó Road lọ sí Àkúrẹ́, ẹ̀ẹ́ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ́ gba orúkọ dẹ́rẹ́bà, nọ́ńbà mọ́tò, nọ́ńbà fóònù, ẹni tó máa gbà á lọ́hùn-ún náà á sọ orúkọ ara ẹ̀. Ẹrù ẹ̀rí náà bẹ́ẹ̀: ta ló rí i, aago mélòó, ta ló gbé e fún, ibo ló sùn, ta ló ṣí i, kí ló dé tó fi ṣí i. Tí alẹ́ ọjọ́ kan bá wà tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ibi tí ọ̀bẹ yẹn sùn, lọ́yà á bèèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé ọ̀bẹ yẹn náà nìyí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè bẹ́ẹ̀. Fọ́tò inú fóònù náà ní tiẹ̀, Section 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, ń bèèrè nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á. Torí náà ẹni tó bá ti fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp tó wá pa ti inú fóònù rẹ́ ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara ẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kì í ṣe pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n á ṣe máa mú èèyàn ni. Mo máa ń sọ ti Francisca Rojas fún wọn, ní Argentina, 1892. Wọ́n pa àwọn ọmọ ẹ̀ méjì, ó nawọ́ sí aládùúgbò ẹ̀ kan pé òun ló pa wọ́n, wọ́n mú ọkùnrin yẹn, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ó ní òun kọ́. Ìtẹ̀ka kan ṣoṣo, tí ẹnì kan fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ tẹ̀ sára ilẹ̀kùn, ni olùwádìí kan rí, ó gé igi ilẹ̀kùn yẹn mú lọ, wọ́n fi wé ti ìyá náà, tiẹ̀ ni. Ìtẹ̀ka yẹn ló yọ aládùúgbò yẹn. Ká ní ẹnì kan ti fi kànìnkànìn àti omi fọ ilẹ̀kùn yẹn láti fi tu ìyá náà nínú ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣe práktíkà tó kẹ́yìn fún àwọn ọmọ tọdún yìí. Mo ra àgádágodo tuntun, mo fi ayùn gé e, mo jù ú sílẹ̀ níta ẹnu ọ̀nà ilé yẹn, mo wá da lẹ́búlẹ́bú irin ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó lóṣòó ti àgádágodo yẹn, ó ní kí wọ́n bá òun mú rúlà wá, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó yà á láti òkèèrè, ó yà á láti ìtòsí, ó tan iná fóònù sí ojú ibi tó ti gé, ó wo ìlà yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ ìta, ojú kan, ojú kan. Kò rí nǹkan kan. Ó wọlé, ó tún lóṣòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, iná fóònù ẹ̀ ń kọ mànà lára lẹ́búlẹ́bú yẹn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mà," ló wí, "inú ilé ni wọ́n ti gé e. Ẹni tó gé e ti wà nínú ilé kó tó gé e."

Mi ò dá a lóhùn. Ó ká bébà funfun kan pọ̀, ó gbá lẹ́búlẹ́bú yẹn sínú ẹ̀ pẹ̀lú bùrọ́ọ̀ṣì tuntun, ó ṣẹ́ etí bébà náà wọnú ara wọn, ó kì í sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, ó lẹ̀ ẹ́, ó wá wo aago ọwọ́ ẹ̀ kó tó kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i: 4:17.